Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Ìlú tí Olórí Kọ́kọ́ Gé Owó Oṣù Ara Rẹ̀

Níbi ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan jẹ yọ tí kò tán nílẹ̀. Ọ̀kan nínú yín bi wá pé: "Bí àwọn ọ̀dọ́ bá ń kó lọ sí ìlú ńlá, tí ọjà ń tú, tí owó kò wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀, kí ni ẹgbẹ́ kékeré lè ṣe sí i?" A kò fẹ́ fi òwe nìkan dáhùn. Ẹ jẹ́ ká lọ wo ìlú kan tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí.

Orúkọ ìlú náà ni Ama. Ó wà ní Nakanoshima, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù Oki ní ilẹ̀ Jàpáànù. Ó tó nǹkan bí 60 kìlómítà sí etíkun ilẹ̀ ńlá, ọkọ̀ ojú omi a sì máa rìn tó wákàtí mẹ́ta kó tó débẹ̀. Láyé àtijọ́, ibi tí wọ́n ń lé ènìyàn lọ ni. Ní 1221 ni wọ́n lé Go-Toba, tó ti jẹ ọba ńlá Jàpáànù rí, lọ síbẹ̀. Ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1239.

Bí ìlú ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tú

Ní nǹkan bí ọdún 1950, àwọn ará Ama tó 7,000. Nígbà tó fi máa di 2005, wọn ò ju nǹkan bí 2,500 lọ mọ́. Bí ọmọ bá ti jáde ilé-ìwé, ọkọ̀ ojú omi ló ń wọ̀, kì í sì í padà. Àwọn arúgbó ló kù nílé.

Kì í ṣe pé ìjọba kò ná owó níbẹ̀ o. Wọ́n la ọ̀nà, wọ́n ṣe èbúté. Bí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́, àwọn ènìyàn a rí oúnjẹ òòjọ́. Bí iṣẹ́ bá parí, gbèsè nìkan ló ń kù. Nígbà tí wọ́n máa ṣírò rẹ̀, gbèsè ìlú kékeré yìí ti tó nǹkan bí bílíọ̀nù mẹ́wàá yẹ́nì, èyí tí í ṣe owó Jàpáànù. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín owó ìrànwọ́ kù, tó sì ń rọ àwọn ìlú kéékèèké pé kí wọ́n da ara wọn pọ̀ mọ́ òmíràn. Ama kọ̀. Wọ́n ní àwọn á dá dúró. Ṣùgbọ́n ẹnu dùn ń ròfọ́. Níbo ni owó yóò ti wá?

Ọ̀nà tí wọ́n gbà

Ní 2002, wọ́n dìbò yan Yamauchi Michio ṣe olórí ìlú. Ohun tó ṣe rèé: ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ara rẹ̀. Nígbà tó di 2005, ìdajì owó oṣù rẹ̀ ló ń gbà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlú rí i, àwọn náà sì gbà kí wọ́n gé tiwọn, ẹlòmíràn 16 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹlòmíràn tó 30. Wọ́n fi lára owó tí wọ́n rí gé ṣe ìrànwọ́ fún àwọn tó ń bímọ tí wọ́n sì ń tọ́mọ nílùú.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá wo ohun tó wà nílẹ̀. Ẹja pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n kó tó gun ọkọ̀ dé ọjà, ó ti pẹ́ lójú ọ̀nà, iye tí oníbàárà bá sì dá lé e ni wọ́n ń gbà. Ní 2005, ilé-iṣẹ́ tí ìlú fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ gbé ẹ̀rọ kan wá tí ń mú ẹja dì láìba adùn rẹ̀ jẹ́. Ẹja wá di ohun tó lè dúró de owó. Agbaṣẹ́ṣe kan tí iṣẹ́ ọ̀nà ti gbẹ mọ́ lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sin màlúù, ó sì ń tà á ní Tokyo. Kódà, ìṣáwùrú òkun tí àwọn ìyá ibẹ̀ ń fi se ọbẹ̀ kọ́rì nítorí pé ẹran ṣọ̀wọ́n, wọ́n dì í fún títà.

Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ló le jù. Ilé-ìwé girama kan ṣoṣo tí àwọn erékùṣù mẹ́ta jọ ń lò, akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ti ṣẹ́ kù sí nǹkan bí 90 ní 2008. Bí wọ́n bá tì í, àwọn òbí náà á tẹ̀ lé ọmọ lọ. Wọn ò bẹ ọmọ pé kó má lọ. Láti 2010, wọ́n ń pe ọmọ ìlú mìíràn wá kàwé lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì sọ iṣẹ́ inú ìlú di ara ẹ̀kọ́. Láàárín ọdún díẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ di ìlọ́po méjì. Àwọn àgbà láti ìlú ńlá náà ń wá gbé ibẹ̀, wọ́n ń ṣiṣẹ́.

Àwọn ará Ama ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi ń ṣe àmì ìlú wọn. Ó túmọ̀ sí "Ohun tí kò sí, kò sí." Ó sì tún túmọ̀ sí "Kò sí ohun tí kò sí."

Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ama kò tíì padà sí 7,000. Iye wọn ṣì wà ní bí 2,300, àwọn tó ń kú sì pọ̀ ju àwọn tí wọ́n ń bí lọ. Ohun tí wọ́n rí gbà ni pé ìlú kò tú, ilé-ìwé kò tì.

Kí ló kàn wá ńbẹ̀?

Èkíní: kí olórí tó ní kí ọmọ ẹgbẹ́ fún ìgbànú, kó kọ́kọ́ fún tirẹ̀. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, yóò ru igbá rẹ̀ délé. Àwa tí ń kọ èyí wà nínú ìgbìmọ̀. A ò yọ ara wa sílẹ̀.

Èkejì: owó yíyá tí kò bí owó, gbèsè ni.

Ẹ̀kẹta: ẹni tí ọjà rẹ̀ kò lè dúró, oníbàárà ló ń dá iye fún un. Ẹ wo tòmátì àti ẹ̀fọ́ wa lọ́jọ́ ọjà.

Ìbéèrè fún ìjíròrò ní ìpàdé tó ń bọ̀

1. Èwo nínú ìnáwó ìgbìmọ̀ wa ni a lè dín kù kí a tó fi kún owó ìdá ọmọ ẹgbẹ́?
2. Kí ni a ní nílẹ̀ tí a ti fojú di?
3. Kí ni ọ̀dọ́ tó bá padà wálé lè bá lọ́dọ̀ wa?

Ẹ bá ará ilé yín sọ ọ́ kí ẹ tó wá. Ire o.