Àkànní, Dá Owó Ìbọn Yẹn Padà Sápò

Àkànní ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo ti gbọ́. Ìyàwó ẹ ló sọ fún mi, má sì fojú burúkú wò ó tó o bá délé, torí ohun tó yẹ kí abiyamọ ṣe ló ṣe. Ó ní o ti rí ẹnì kan tó fẹ́ ta ìbọn fún ẹ lábẹ́lẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní pump action, pé o ti ń kó owó jọ, àti pé orí wọ́dúróòbù ni wàá máa gbé e sí. Ìwọ! Ìwọ tó jẹ́ pé tí nọ́káòtù ọdún bá dún, abẹ́ ìró mi lo máa ń sá sí!

Jókòó síbẹ̀ yẹn. Mi ò bínú débi tí mi ò ní fún ẹ lóúnjẹ, àmọ́ wàá gbọ́ tẹnu mi tán kó o tó fọwọ́ kan ṣíbí.

Mi ò ní sọ pé ẹ̀rù tó ń bà ẹ́ kò nídìí. Gbogbo wa la jọ ń gbé ojú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì yìí. Ta ni kò mọ bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ṣe ń da agbègbè yunifásítì LASU, Ìyànà-Ìbà àti Òkòkòmáíkò láàmú láti ọjọ́ pípẹ́? Ta ni kì í di báàgì ẹ̀ mọ́ àyà tí mọ́tò bá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lálẹ́? Èmi náà máa ń gbọ́ bí mégáàdì wa ṣe ń fi irin lu òpó iná láago méjì òru, kó lè jẹ́ ká mọ̀ pé òun ò tíì sùn. Tí irin yẹn bá pẹ́ kó tó dún, oorun á dá lójú mi.

Àwa ará Ìbà ò sì lè gbàgbé ọdún 2016. Ní ọjọ́ 16, oṣù Keje ọdún yẹn, àwọn agbébọn ya wọ ààfin Oníbà, Ọba Goriola Oseni, wọ́n gbé Kábíyèsí gba orí omi lọ. Ẹ̀mí ṣòfò lọ́jọ́ náà, oṣù Kẹjọ sì ti wọlé kí wọ́n tó tú ọba sílẹ̀. Ààfin ni o, Àkànní, kì í ṣe yàrá kan àti pálọ̀. Nítorí náà, tó o bá ní ìjọba ò ṣọ́ wa bó ṣe yẹ, mi ò ní bá ẹ jiyàn. Ohun tí mo ń bá ẹ jà lé lórí ni ohun tó o rò pé ó máa gbà ọ́.

Jẹ́ ká rò ó pọ̀. Ká ní o ra ìbọn náà. Tó o bá tì í mọ́ inú àpótí, tó o yọ ọta ẹ̀ síbòmíì bí ẹni tórí ẹ̀ pé ṣe máa ṣe é, kó o tó rí kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn, àwọn ẹni ibi ti dé ẹnu ibùsùn. Wọn kì í dá wá. Wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n wá ṣe, ojú wọn ti là. Tìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là ni. Ẹni tó jẹ́ pé fóònù ló fẹ́ gbà lọ, tó bá ti rí ìbọn lọ́wọ́ ẹ, kò tún ní dúró béèrè fóònù mọ́.

Tó o bá sì ní o ò ní tì í, pé bó ṣe wà pẹ̀lú ọta nínú lo máa gbé e sórí wọ́dúróòbù, àwọn ìbejì ẹ ńkọ́, Táyé àti Kẹ́hìndé? Ṣebí orí wọ́dúróòbù yẹn náà lo kó bísíkíìtì ọdún sí. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà gbé àga lé orí ibùsùn, wọ́n to ìrọ̀rí méjì lé àga, ọ̀kan di ẹsẹ̀ àga mú, èkejì gùn ún. Kó o tó ti mọ́ṣáláṣí dé, wọ́n ti jẹ bísíkíìtì tán, ó ku ọ̀rá. Gbogbo wa fi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Wá sọ ohun tí à bá máa fi ṣe lónìí fún mi, ká ní ìbọn ni ọwọ́ wọn bà níbẹ̀.

Ilé tó o ń gbé náà ńkọ́? Búlọ́ọ̀kù oníhò kan ló wà láàárín ẹ àti ìyá tó ń ta ẹ̀kọ ní yàrá kejì. Ohùn tẹlifíṣọ̀n ẹ ń gba òkè àjà kọjá, ìyá yẹn ló sì máa ń sọ fún mi ẹgbẹ́ tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé kí ìwọ tó pè mí. Tó o bá yìnbọn sí olè lójú oorun, ta lo rò pé ọta máa bá? Àwọn àgbà ti sọ ọ́: bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ìwọ fẹ́ fowó ara ẹ ra ikú ilé.

O ní Amẹ́ríkà ńkọ́, pé àwọn ará ibẹ̀ ń gbé ìbọn, wọ́n sì wà láàyè. Lóòótọ́, láti ọdún 1791 ló ti wà nínú ìwé òfin wọn pé aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ohun ìjà. Àwọn tó ń ka ìbọn káàkiri ayé, Small Arms Survey, sọ lọ́dún 2018 pé ìbọn tó wà lọ́wọ́ aráàlú níbẹ̀ ju iye èèyàn ibẹ̀ lọ. Ní ọdún 2021 nìkan, ìbọn pa èèyàn 48,830 ní Amẹ́ríkà. Nínú wọn, 26,328 ló jẹ́ pé ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi pa ara wọn. Kì í ṣe olè ló wá ká wọn mọ́lé o. Inú ló bà jẹ́, gbèsè ló pọ̀, ìyàwó ló lọ, ìbọn sì wà nítòsí. Àkànní, ìwọ náà mọ bí ojú ẹ ṣe rí nígbà tí ọjà ẹ wọ gbèsè lọ́dún yẹn, tó o fi ọjọ́ gbogbo dákẹ́. Inú mi dùn pé kò sí ìbọn nínú ilé ẹ nígbà náà.

Ká wá sọ ti òfin. Òfin ìbọn ilẹ̀ wa ti wà láti ọdún 1959, ọ̀nà mẹ́ta ló sì pín ìbọn sí. Àwọn kan wà tó jẹ́ èèwọ̀ fún aráàlú: ìbọn ológun, ìbọn ìléwọ́, àti pump action tó o ń sọ yìí, oríṣi yòówù kó jẹ́. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè fọwọ́ sí irú ẹ̀. Àwọn kan wà bí ìbọn ọdẹ ìgbàlódé, tó jẹ́ pé Ọ̀gá Ọlọ́pàá pátápátá ló ń fúnni níwèé àṣẹ ẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ṣakabùlà àti irú ẹ̀, òun náà ò sì ṣeé gbé láìgbàwé. Òfin ní wọn ò gbọ́dọ̀ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17 níwèé, tàbí ẹni tórí ẹ̀ ò pé, tàbí ẹni tójú ẹ̀ ò ríran dáadáa, tàbí ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí kóòtù ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún. Nítorí náà, ẹni tó ní òun máa bá ẹ gba ìwé pump action ní àgọ́ ọlọ́pàá kan, irọ́ ló ń pa. Tí wọ́n bá ká ìbọn náà mọ́ ẹ lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ló kéré jù. Táyé àti Kẹ́hìndé á ti pé ọdún 16 kó o tó jáde. Ta lo fẹ́ kó bá ẹ tọ́ wọn? Èmi?

Má sì sọ fún mi pé àwọn baba wa ló ni Ògún, àwọn ló ni ìbọn. Ọmọ ọdẹ ni mí. Bàbá tó bí èmi àti bàbá ẹ, ara ògiri ni ṣakabùlà wọn máa ń wà, kò sì sí ẹ̀tù nínú ẹ̀ tó bá ti wọlé. Àdó ẹ̀tù wà lókè àjà lọ́tọ̀, ọta wà nínú àpò lọ́tọ̀. Ọmọ tó bá fi igi lásán ṣe bí ẹni yìnbọn sí ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, bàbá á nà án. Wọ́n á ní: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ ká kọ ọ́ sí òun? Ọdẹ tó bá ń mutí yó, tàbí tó bá ń bá ará ilé ẹ̀ jà, Olúọ́dẹ á ránṣẹ́ gba ìbọn lọ́wọ́ ẹ̀ títí ara ẹ̀ á fi balẹ̀, kò sì ní lè fọhùn. Ìlú ló ni ìbọn, ọdẹ ló ń bá ìlú gbé e. Ìwọ tó o fẹ́ ra tìẹ ní kọ̀rọ̀, ta ni Olúọ́dẹ ẹ? Ta ló máa gbà á lọ́wọ́ ẹ lọ́jọ́ tí inú bá ń bí ẹ?

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ti dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbààgbà. Lọ́dún 2021, Gómìnà Masari ní Katsina ní kí aráàlú gbèjà ara wọn. Lọ́dún 2022, Gómìnà Matawalle ní Zamfara ní kí wọ́n lọ wá ìbọn. Lọ́dún 2024, Sẹ́nétọ̀ Ned Nwoko gbé àbá òfin wá pé kí aráàlú lè ní ìbọn. Ọ̀rọ̀ wọn nítumọ̀ létí ẹni tí wọ́n ti sun abúlé ẹ̀. Olè ní ìbọn, olóòótọ́ ò ní. Ta ni ìyẹn ò ní dùn? Ìwé òfin ilẹ̀ wa pàápàá, abala 33, gbà pé èèyàn lè fi agbára tó bá yẹ gbèjà ara ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe é léṣe. Àmọ́ kò sí ibi tó ti ní kí oníkálùkù gbébọn.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn aṣòfin dáhùn ni pé níbo ni olè ti ń rí tirẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2017, àwọn aṣọ́bodè mú kọ̀nténà kan ní Mile 2 níbí, níbi tí a ti ń wọkọ̀ lójoojúmọ́. Ilẹ̀kùn irin ni wọ́n fi bo ojú ẹ̀, ìbọn pump action 661 ló wà nísàlẹ̀, láti ilẹ̀ Tọ́kì. Kó tó di òpin oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, èyí tí wọ́n ti gbà ní èbúté Èkó ti di 2,671. Èyí tí wọ́n rí nìyẹn o. Ìbọn tí kò yẹ kó wọlé ni wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀ fún irú ẹ, ẹni tó ń tà á fún ẹ lónìí ló ń tà á fún àwọn tó o ń sá fún. Owó tó o fẹ́ san yẹn, òwò wọn lo fẹ́ bá wọn gbé lárugẹ.

O ní béèyàn bá ti kọ́ṣẹ́ ìbọn, kò séwu. Ṣé o rántí Agbẹjọ́rò Bọ́láńlé Raheem? Ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2022, inú mọ́tò ló wà pẹ̀lú ẹbí ẹ̀ ní Ajah, oyún wà nínú ẹ̀, ọlọ́pàá kan yìnbọn pa á. Àgbà ọlọ́pàá ni, ìjọba ló kọ́ ọ, ìjọba ló gbé ìbọn lé e lọ́wọ́. Ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún un lọ́dún 2023, àmọ́ ìyẹn ò jí Bọ́láńlé. Tí ẹni tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ bá lè ṣe báyìí, kí ni ká retí lọ́wọ́ ìwọ tó jẹ́ pé fídíò inú fóònù lo fẹ́ fi kọ́ ọ?

Mi ò ní kó o káwọ́ gbera o. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ìgbà wo lo wá sípàdé CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò ẹ, kẹ́yìn? Wọ́n ń dá owó fijilanté, o ò san. Wọ́n ní kí onílé kọ̀ọ̀kan gbé iná síta, tìẹ ò tàn. Lọ́dún 2020 tí gbogbo wa wà nílé nítorí kòrónà, tí wọ́n ní àwọn ọmọọ̀ta ń bọ̀, ṣé ìbọn ni àwọn ará Agége àti Alimọ́ṣọ́ fi ṣọ́ àdúgbò wọn? Wọ́n jáde sójú títì ni, tọmọdé tàgbà, wọ́n dáná, wọ́n jí mọ́jú. Fi nọ́ńbà pàjáwìrì 112 àti 767 sínú fóònù ẹ. Mọ ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá tó wà nítòsí ẹ, mọ àwọn ẹ̀ṣọ́ ìjọba Èkó tí òfin ọdún 2016 dá sílẹ̀ fún àdúgbò. Kí ìwọ àti àwọn aládùúgbò ẹ lọ bá alága ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ àti ti Ìbà ní ọ́fíìsì wọn, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń fi owó ààbò ṣe. Ẹ bi àwọn aṣòfin wa léèrè ìdí tí ọlọ́pàá mẹ́fà fi ń tẹ̀ lé ẹnì kan ṣoṣo lọ síbi òde ìyàwó, nígbà tí odindi òpópónà wa ò rí ẹyọ kan. Ìbéèrè yẹn ló ń ba àwọn èèyàn ńlá lẹ́rù. Tí gbogbo wa bá ra ìbọn, ìsinmi ló dé bá wọn, torí a ò tún ní bi wọ́n léèrè mọ́.

Ọ̀rọ̀ mi ò ju báyìí lọ. Èmi ò fẹ́ kí ìjọba tú òfin ìbọn sílẹ̀ fún oníkálùkù. Kí wọ́n mú òfin tó wà nílẹ̀ ṣiṣẹ́ ní èbúté, ní bodè Sẹ̀mẹ̀ àti lórí omi, kí wọ́n sì dá ọlọ́pàá padà sí àárín aráàlú. Ìwọ ní tìẹ, pe ẹni yẹn lónìí, sọ fún un pé o ò rà mọ́. San owó fijilanté tó o jẹ nínú owó náà, fi èyí tó kù ṣe ilẹ̀kùn irin tó dáa àti iná tó ń lo oòrùn síta. Ẹ̀yin òbí yòókù tọ́rọ̀ yìí bá kàn, ní Ọ̀jọ́, ní Ìbà, ní Òkòkòmáíkò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ìbọn wọlé tọ àwọn ọmọ yín. Sátidé yìí nípàdé CDA, Àkànní, kí n má débẹ̀ kí n má bá ẹ.