Ẹsẹ̀ Wágọ̀n: Ẹ̀kọ́ Lórí Yíyan Sípíríǹgì àti Ṣọ́ọ̀kù

Ìfáárà

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Òwe yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi fi sọ́kàn bí ẹ ti ń ka àpilẹ̀kọ yìí. Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ni ó ń kọ̀wé lórí ẹsẹ̀ mọ́tò. Ìdí méjì ni ó fà á. Èkíní ni pé láti inú mọ́tò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni owó ilé-ìwé mi ti ń jáde. Èkejì ni pé mo gbà pé èdè tí a fi ń ṣe àtúpalẹ̀ oríkì àti ìjálá tó láti fi ṣàlàyé ohun tí ó wà lábẹ́ mọ́tò, bí a bá tẹ́tí sí àwọn tí ń fi èdè náà ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lójoojúmọ́.

Peugeot 504 oníwágọ̀n ni baba mi ń wà. Ó ń fi kó iṣu àti èrò láti Ṣakí wá sí Ìbàdàn, ó ń gba Ìsẹ́yìn àti Ọ̀yọ́ kọjá. Mọ́tò yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní 1968 ni 504 kọ́kọ́ jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1975 sì ni ilé iṣẹ́ Peugeot tí ó wà ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọn kò ṣe 504 mọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ó kù ṣì ń jẹun fún àwọn olówó wọn.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa

Ní ọdún tí ó kọjá, baba mi ṣàkíyèsí pé bí a bá ti di iṣu sẹ́yìn mọ́tò tán, ìdí rẹ̀ a jókòó sílẹ̀, iwájú a sì gbójú sókè bí ẹni tí ń wo òṣùpà. Ó lọ ra sípíríǹgì mẹ́rin tí irin wọn ki ju ti àtijọ́ lọ. Ẹni tí ó tà á fún un ní, "Baba, èyí le dáadáa. Kò sí ẹrù tí kò lè gbé." Wọ́n dè é mọ́ mọ́tò, ṣùgbọ́n nítorí àìtó owó, ṣọ́ọ̀kù àtijọ́ ni wọ́n fi sílẹ̀.

Bí mọ́tò bá ru ẹrù, ó dúró ṣánṣán, inú baba mi sì dùn. Ìgbà tí ó bá ń padà sí Ṣakí lófìfo ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Ìdí rẹ̀ a máa ta bí ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ìyá mi tí ó máa ń bá a lọ bẹ̀rẹ̀ sí di ìbàdí mú bí ó bá ti sọ̀ kalẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, èmi náà wà nínú rẹ̀ láàárín Ọ̀yọ́ sí Ìsẹ́yìn. A kó sí gálọ́ọ̀pù ní ibi tí ọ̀nà ti tẹ̀ kọ́rọ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn fò kúrò nílẹ̀, ìdí mọ́tò sì yà lọ sí apá kejì títì. Ọlọ́run ni ó ní kò sí mọ́tò tí ń bọ̀ níwájú. Baba mi rọra gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí yóò sọ̀rọ̀, ó ní, "Ìwọ tí o wà ní yunifásítì, bá mi wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí."

Bí mo ṣe di ẹni tí ń ka ìwé ìmọ̀ ẹ̀rọ nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ yá mi ní ìwé, mo sì fi ọjọ́ mẹ́ta jókòó ti mẹkáníìkì baba mi.

Sípíríǹgì alárù

Nígbà tí mo bi ọ̀gá mẹkáníìkì léèrè pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ni ìyàtọ̀ iṣẹ́ àwọn méjèèjì?" ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ mi, sípíríǹgì ni alárù, ṣọ́ọ̀kù ni onílàjà." Gbogbo ohun tí mo kà lẹ́yìn náà, àlàyé lórí gbólóhùn kan yìí ni.

Sípíríǹgì ni ó gbé mọ́tò àti ẹrù inú rẹ̀ sókè. Ní 1678 ni ọkùnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Robert Hooke, tẹ àlàyé rẹ̀ jáde pé bí agbára tí a fi tẹ sípíríǹgì bá ti pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ti wọlé tó. Bí ẹrù kan bá tẹ̀ ẹ́ wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 5, ìlọ́po méjì ẹrù náà yóò tẹ̀ ẹ́ ní sẹ̀ǹtímítà 10.

Ohun mẹ́ta pàtàkì ni ó ń sọ bí sípíríǹgì yóò ti le tó: kíki irin rẹ̀, fífẹ̀ òrùka rẹ̀, àti iye òrùka náà. Èyí tí ó ń tan ènìyàn jẹ jù ni kíki irin. Bí a bá fi irin tí ó ki ní mìlímítà 13 rọ́pò èyí tí ó ki ní mìlímítà 12, tí ìyókù kò yàtọ̀, ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n sípíríǹgì tuntun náà yóò fi nǹkan bí ìdá 38 nínú 100 le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bákan náà, bí a bá gé òrùka kan kúrò nínú mẹ́jọ tí ń ṣiṣẹ́, èyí tí ó kù yóò kúrú, yóò sì tún le sí i ní nǹkan bí ìdá 14 nínú 100. Nítorí náà, ẹni tí ó gé sípíríǹgì kò rọ̀ ọ́ rárá.

Líle yìí ni ó ń pinnu bí mọ́tò yóò ṣe máa lọ sókè sódò. Ọ̀pọ̀ mọ́tò èrò ni a ṣe kí wọ́n máa fì ní ìwọ̀n ìgbà 1 sí 1.5 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí kò jìnnà sí bí ẹni tí ó ń rìn jẹ́jẹ́ ṣe ń gbé ẹsẹ̀. Ara ènìyàn tí ó jókòó kò fẹ́ ìgbọ̀nrìrì tí ó yára tó ìgbà 4 sí 8 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan rárá. Bí sípíríǹgì bá ti ń le sí i ni púpọ̀ nínú irú ìgbọ̀nrìrì bẹ́ẹ̀ ń ti ojú ọ̀nà dé ìbàdí wa. Ìdí ìnira ìyá mi nìyẹn.

Ṣọ́ọ̀kù onílàjà

Sípíríǹgì kì í jẹ gbèsè. Ohunkóhun tí kòtò bá yá a, ó ń san án padà lójú ẹsẹ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, yóò máa gbé mọ́tò sókè sódò títí tí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Níbi yìí ni onílàjà ti wọlé. Nínú ṣọ́ọ̀kù ni ọ́ìlì wà, písítìn kan tí ó ní ihò wẹ́wẹ́ sì ń lọ tí ó ń bọ̀ nínú ọ́ìlì náà. Bí ọ́ìlì ti ń fi agbára gba inú ihò wọ̀nyí kọjá, ìjà náà di ooru, ooru náà sì bá afẹ́fẹ́ lọ. Ẹni tí ó bá fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kù tí ó yè lẹ́yìn ọ̀nà búburú yóò rí i pé ó gbóná.

Ṣọ́ọ̀kù kì í gbé ẹrù. Àṣìṣe ńlá ni kí ìdí mọ́tò jókòó sílẹ̀ kí a sì lọ ra ṣọ́ọ̀kù nìkan. Àṣìṣe ńlá sì ni kí a ra sípíríǹgì líle kí a fi ṣọ́ọ̀kù tí ó ti kú sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa ti ṣe. Alárù wa di òmìrán, onílàjà wa sì di arúgbó tí kò lè dìde. Òdìkejì rẹ̀ náà kò dára: bí ṣọ́ọ̀kù bá le jù fún sípíríǹgì, kò ní jẹ́ kí sípíríǹgì nà tán kí kòtò mìíràn tó dé, mọ́tò yóò sì máa rì díẹ̀díẹ̀ lórí ọ̀nà jágajàga. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Ní ti ṣọ́ọ̀kù ọlọ́ìlì lásán àti èyí tí ó ní gáàsì, ìyàtọ̀ wọn hàn lórí ọ̀nà gígùn tí kò dára. Ọ́ìlì tí a ń rò láìdúró a máa hó, ìfófòó rẹ̀ kò sì ní agbára. Gáàsì náítírójìn tí a fún mọ́ inú ṣọ́ọ̀kù kì í jẹ́ kí ó tètè hó.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ èdè kan há a láàárín. Àwọn mẹkáníìkì kì í lo ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà fún àwọn méjèèjì. Wọ́n á ní, "Ṣọ́ọ̀kù ti kú," ṣùgbọ́n wọ́n á ní, "Ó ti rẹ sípíríǹgì." Mo kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Àyẹ̀wò àìsàn ni. Bí ọ́ìlì bá ti jò tán, ṣọ́ọ̀kù kò ní iṣẹ́ kankan mọ́; sípíríǹgì ní tirẹ̀ ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò dẹ́kun àti máa ru ẹrù.

Bí a ṣe ń yàn

Ìgbésẹ̀ tí a tẹ̀ lé nìwọ̀nyí, ẹnikẹ́ni tí ó ní wágọ̀n sì lè lò wọ́n.

(a) Kí a kọ́kọ́ mọ ẹrù ojoojúmọ́. Kì í ṣe ẹrù ọjọ́ ọdún, kì í sì í ṣe òfìfo. Wágọ̀n yàtọ̀ sí sàlúùnù nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìwúwo ti ń pọ̀ tí ó sì ń dín kù jù. Sípíríǹgì tí ó bá ẹrù tí a máa ń rù lọ́pọ̀ ìgbà mu ni yóò tuni lára.

(b) Kí a wọn gíga mọ́tò. Ní ilẹ̀ títẹ́jú, láti àárín ẹsẹ̀ mọ́tò dé etí bọ́dì tí ó wà lókè rẹ̀, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lófìfo àti pẹ̀lú ẹrù. Bí apá kan bá rẹlẹ̀ ju èkejì lọ, ó ti rẹ sípíríǹgì ibẹ̀ tàbí ó ti dá.

(d) Kí a dán ṣọ́ọ̀kù wò. Kí a fi ara tẹ igun mọ́tò wálẹ̀, kí a sì fi í sílẹ̀. Bí ó bá gòkè tí ó sì dúró, ó yè. Bí ó bá ń jó, ó ti kú. Kí a tún wo bóyá ọ́ìlì ti jò sí ara rẹ̀, tàbí táyà ti ń jẹ ní ibi kan fo ibi kan.

(e) Kí a mú ti àtijọ́ dání lọ sí ọjà. Kí a fi wé tuntun: kíki irin, iye òrùka, gígùn àti fífẹ̀. A kò gbọdọ̀ ra ti sàlúùnù. Ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ 504 sàlúùnù, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń dá gòkè sọ̀kalẹ̀. Ti wágọ̀n, irin gbọọrọ kan ni ó so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, sípíríǹgì méjì sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

(ẹ) Kí a ra ṣọ́ọ̀kù ní méjìméjì, tọ̀tún tòsì. Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, kí a tẹ ọ̀pá rẹ̀ wọlé kí a sì fà á jáde. Ó gbọdọ̀ le lọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ó bá ní ibi tí ó ti já sófo, kí a dá a padà. Kí ọ̀pá náà má sì ní ojú ìhá.

(f) Kí a kọ àbùjá. Fífi iná yọ́ sípíríǹgì kí ó lè nà ń ba agbára irin jẹ́. Fífi igi tàbí rọ́bà há àárín òrùka rẹ̀ ń sọ iṣẹ́ òrùka mélòó kan di ti ìyókù, wọ́n sì lè dá. Ní ti iwájú, ẹni tí kò bá ní irin ìfúnpọ̀ tí ó yẹ kò gbọ́dọ̀ tú sípíríǹgì, nítorí agbára tí ó wà nínú rẹ̀ lè pa ènìyàn.

Òtítọ́ tí sípíríǹgì ń sọ

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó nira fún wa jù. A ka iṣu tí baba mi máa ń rù, a gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ lé ìwọ̀n, a sì fi ìwúwo èrò kún un. Ohun tí baba mi ń pè ní ẹrù díẹ̀ ti kọjá ohun tí àwọn tí ó ṣe mọ́tò náà fi àyè sílẹ̀ fún. Mo bi ọ̀gá mẹkáníìkì bóyá sípíríǹgì tí ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ kò ní gbà á. Ó ní, "Yóò gbé ìdí rẹ̀ sókè. Ṣé yóò fi kún bíréèkì? Ṣé yóò fi kún táyà?"

Níbẹ̀ ni ojú mi là. Nígbà tí ìdí mọ́tò ń jókòó sílẹ̀, kì í ṣe àìlera nìkan ni ó ń fi hàn, ìkìlọ̀ ni. Sípíríǹgì líle tí a rà kò sọ mọ́tò di alágbára. Ó kàn pa ẹnu ẹni tí ń sọ òtítọ́ fún wa mọ́ ni.

Èmi ni ó kù kí n sọ ọ́ fún baba mi. Kò rọrùn kí ọmọ sọ fún baba rẹ̀ pé kí ó dín ẹrù kù, pàápàá nígbà tí ọmọ náà mọ̀ pé owó ẹrù náà ni òun ń jẹ. Mo kúnlẹ̀, mo sì ṣàlàyé. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Iṣu tí n kò rù lónìí, n ó rù ú lọ́la, bí mo bá ṣì wà."

A tú sípíríǹgì líle náà kúrò, a ra irú èyí tí ó bá wágọ̀n mu, a sì fi ṣọ́ọ̀kù tuntun méjì sí ẹ̀yìn.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí mo fẹ́ kí a mú lọ kò ju mẹ́ta lọ. Sípíríǹgì ni a fi ń ru ẹrù, ṣọ́ọ̀kù ni a fi ń pẹ̀tù sí i; ẹ má ṣe fi ọ̀kan ṣe iṣẹ́ èkejì. Ẹrù ojoojúmọ́ ni kí ẹ fi yan sípíríǹgì, kí ẹ sì jẹ́ kí ṣọ́ọ̀kù bá a mu. Bí ẹrù bá sì pọ̀ ju mọ́tò lọ, ẹrù ni kí ẹ dín kù.

Owó tí ń wọlé ní ìrìnàjò kọ̀ọ̀kan ti dín díẹ̀, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí bá àwọn ènìyàn tẹ ìwé láti fi kún owó ilé-ìwé mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá wọn lọ sí Ṣakí ní ìsinmi tí ó kọjá, ìyá mi sùn lọ láàárín Ọ̀yọ́ sí Ìsẹ́yìn, kò sì jí títí a fi dé.