Ara tó wú: ọ̀rọ̀ wo la ó lò?

Ní Cacaveli, ní Lomé, Faransé ni èdè ìjọba. Báwo ni ògbufọ̀ yóò ṣe sọ «inflammation» fún Yorùbá tí kò gbọ́ Faransé? Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rin tó o: ó pọ́n, ó wú, ó gbóná, ó ń dunni. Mẹ́rin yìí náà ni Celsus ará Róòmù kà sílẹ̀ ní nǹkan bí 2000 ọdún sẹ́yìn.

Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń jẹ́ neutrophil ló ń kọ́kọ́ dé ojú egbò láti pa kòkòrò àrùn. Òkú wọn ló ń pọ̀ nínú ọyún (ẹ má pè é ní oyún!). Macrophage a gbé òkú náà mì, a sì ránṣẹ́ pé kí ìjà parí. Bí ìjà kò bá parí, ara fúnra rẹ̀ ni yóò bàjẹ́. Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má túmọ̀ rẹ̀ sí «àrùn»: ìjà ara ni.