Òjò Ṣú Dẹ̀dẹ̀: Ẹ Wo Ibi Tí Oòrùn Wà

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́,

Bí òjò bá ṣú, omi inú ìkúùkù kọ́ ló dúdú. Ẹ mú àpò ajílẹ̀ funfun kan, ẹ nà án sójú oòrùn: ìmọ́lẹ̀ á gbà á kọjá. Ẹ wá to mẹ́wàá léra, abẹ́ rẹ̀ á ṣókùnkùn, bẹ́ẹ̀ àwọ̀ àpò kankan kò yí padà. Bí ìkúùkù ṣe rí nìyẹn. Èyí tó nípọn ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sókè, díẹ̀ ló ń jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó wà nínú bàálù lókè rẹ̀ á rí i ní funfun báláú.

Ìkúùkù òjò àrá ti oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún lè ga ju kìlómítà 10 lọ láti ìdí dé orí. Ti oṣù kẹjọ yàtọ̀: ó tẹ́ lọ salalu, kò ga. Ojú ọjọ́ á ṣú láti àárọ̀ dalẹ́, wínníwínní lásán ni yóò sì máa rọ̀. Ẹ má tìtorí irú ṣíṣú yẹn sọ hóró àgbàdo ẹ̀ẹ̀kejì sínú ilẹ̀ gbígbẹ. Èèrà àti àparò ni yóò kó o jẹ. Ẹ fọwọ́ gbẹ́ ilẹ̀ wò ná.

Ìlà oòrùn ni òjò líle wa ti sábà máa ń wá. Ní ìrọ̀lẹ́, oòrùn ti bọ́ sí ìwọ̀, ó ń tàn sójú ìkúùkù tó ń bọ̀. Bí ó bá ṣì dúdú pẹ̀lú ìyẹn, ó nípọn lóòótọ́. Èyí tó dúdú nítorí pé oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má tíì gbẹ́kẹ̀ lé e.

Bí atẹ́gùn tútù bá wá fẹ́ lójijì, òjò ti ń rọ̀ nítòsí. Ẹ kó lááfún nílẹ̀. Ẹ má fín oògùn koríko, ẹ má da ajílẹ̀. Àgbàrá á gbé e lọ tòun towó yín.

Bí ẹ bá ti gbọ́ àrá, mànàmáná ti sún mọ́ yín tó láti pani. Ẹ kúrò lábẹ́ igi káṣú àti máńgòrò, ẹ má sá sábẹ́ ahéré tí kò ní ògiri. Ẹ wọ ilé, tàbí mọ́tò tó ní òrùlé irin, kí ẹ sì dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn àrá tó kẹ́yìn kí ẹ tó padà sóko.