Ǹjẹ́ Òfìfo Lè Gbóná?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbá òfìfo ní í dún woroworo. Aláìmọ̀kan tó ń pariwo ni a ń pa òwe yìí fún. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ físíìsì, òfìfo gidi pàápàá kò dákẹ́. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni bí a ṣe lè fi ìdí èyí múlẹ̀ nínú yàrá ìwádìí.

Láàárín 1973 sí 1976, Stephen Fulling, Paul Davies àti William Unruh fi ìṣirò hàn pé ohun tí ẹni tó dúró jẹ́ẹ́ kà sí òfìfo, ẹni tí eré rẹ̀ ń le sí i yóò bá ooru níbẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé eré sísá nìkan kò tó. Kí eré máa le sí i ni ọ̀rọ̀ wà. Òun ni mo pè ní ìyárasí.

Kí ló mú un ṣòro? Òkúta tó já bọ́ ń fi mítà 9.8 kún eré rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Kí ooru yìí tó lè tó dígírì kan péré lókè òtútù paraku, iye mítà náà yóò jẹ́ 25 tí òdo 19 tẹ̀ lé!

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo fẹ́ mẹ́nu bà.

Ọ̀nà kìíní: Ní 1983, John Bell àti Jon Leinaas ní kí a wo ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí òòfà ń mú yí po nínú òrùka ńlá. Òòyì wọn máa ń fẹ́ kọjú sí ọ̀nà kan náà, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ìṣọ̀kan wọn kì í kọjá nǹkan bí 92 nínú 100. Wọ́n ní a lè ka àléébù yìí sí iṣẹ́ ooru ìyárasí. Àmọ́ Sokolov àti Ternov ti ṣírò iye yìí ṣáájú, láìdárúkọ irú ooru bẹ́ẹ̀ rárá.

Ọ̀nà kejì: Ní 2011, ní Yunifásítì Chalmers ní Súwídìn, wọ́n fi òòfà yí ohun èlò iná kan padà ní ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, títí ó fi ṣe bíi dígí tó ń mì. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí jáde ní méjì-méjì láti inú òfìfo. Ìbátan ooru ìyárasí ni èyí, kì í ṣe òun gan-an.

Ọ̀nà kẹta: Ní 2019, Cheng Chin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Chicago mú àwọn átọ́ọ̀mù tutù gan-an, wọ́n sì ń fi òòfà dà wọ́n láàmú. Bí àwọn átọ́ọ̀mù ṣe ń tú jáde bá ìṣirò Unruh mu. Síbẹ̀, kò sí ohun tó yára sí i nínú òfìfo gidi.

Ère jọ ènìyàn, ṣùgbọ́n ère kì í mí. Àfarawé fi hàn pé ìṣirò náà kò tako ara rẹ̀, ó sì kọ́ wa ní ojú tí a ó fi dá ohun tí à ń wá mọ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì fi ohun náà lé wa lọ́wọ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, iṣẹ́ tiwa ló kù. Bí a bá ń ròyìn ìmọ̀ yìí ní Yorùbá, ẹ má ṣe jẹ́ kí a kọ 'wọ́n ti rí i' níbi tí 'wọ́n ti ṣe àfarawé rẹ̀' yẹ. Èdè wa ní ọ̀rọ̀ fún méjèèjì. Bí a bá pa wọ́n pọ̀, àwa ni a ṣi òǹkàwé lọ́nà, kì í ṣe èdè Yorùbá.