OWÓ TÍ Ó WỌLÉ SÍ WA LỌ́WỌ́, TA NI Ó NI ÍN?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó ṣe òwò ní ẹ̀tọ́ fún wa, tí ó sì ṣe èlé ní èèwọ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Ìbéèrè kan ni ó bí ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí. Lẹ́yìn ìrun Àláásárì ní ilé kéú wa ní Kábà, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́, tí ó ti di òṣìṣẹ́ báyìí, dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti fi owó sínú ọ̀kan nínú àwọn ètò orí fóònù tí wọ́n ní ó ń sọ owó di ìlọ́po méjì. Kí ètò náà tó fọ́, ó ti gba tirẹ̀ jáde, ojú owó àti àlékún. Ó ní, "Àáfà, àwọn tí owó wọn há ni gbogbo ènìyàn ń bá kẹ́dùn. Owó tèmi kò há. Ó wà lọ́wọ́ mi. Kí ni kí n ṣe sí i?" A kò dá a lóhùn ní ọjọ́ náà. Ìdáhùn wà, ṣùgbọ́n ó kan àwa fúnra wa, bí ẹ ó ti rí i níwájú.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ bí nǹkan náà ti ń ṣiṣẹ́. Ọgbọ́n àtijọ́ ni. Ní ọdún 1920, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Charles Ponzi ṣèlérí pé ẹni tí ó bá mú 100 dọ́là wá yóò gba 150 lẹ́yìn ọjọ́ 45. Ó ní kúpọ́ọ̀nù ilé ìfìwéránṣẹ́ ni òun ń rà ní òkèèrè tí òun ń jèrè lórí rẹ̀. Òwò náà kò tó nǹkan. Owó ẹni tí ó dé lónìí ni ó ń san fún ẹni tí ó dé lánàá. Kí ọdún náà tó parí, ó ti wọ ẹ̀wọ̀n, nígbà tí ó sì yá, gbogbo ayé fi orúkọ rẹ̀ sọ irú jìbìtì yìí.

Èyí tí ó dé ọ̀dọ̀ wa ni MMM. Sergei Mavrodi, ará Rọ́ṣíà, ni ó dá a sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní ọdún 1989. Ó fọ́ mọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ lórí ní 1994, ó sì ṣẹ̀wọ̀n. Nígbà tí ó jáde, ó tún un gbé kalẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, ó sì dé Nàìjíríà ní oṣù kọkànlá ọdún 2015. Ẹ wo orúkọ tí wọ́n fún un: ìrànlọ́wọ́. Ẹni tí ó bá fi N10,000 "ṣe ìrànlọ́wọ́" yóò "gba ìrànlọ́wọ́" N13,000 lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́. Wọn kò ní oko, wọn kò ní ṣọ́ọ̀bù, wọn kò sì pe ara wọn ní oníṣòwò. Owó kò tilẹ̀ gba ọwọ́ wọn kọjá. Wọ́n á kàn sọ fún ọ pé kí o san án tààrà sínú àkáǹtì lágbájá, nígbà tí ó bá sì kàn ọ́, tàmẹ̀dò yóò san án sínú tìrẹ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa yóò padà sí.

Ẹ gbé bírò. N10,000 tí ó ń lé 30 nínú 100 lóṣooṣù, bí a kò bá fọwọ́ kàn án, yóò di nǹkan bí N233,000 lẹ́yìn oṣù 12. Iṣu wo ni a gbìn rí ní ilẹ̀ Okun tí ó ṣe bẹ́ẹ̀? Kòkó wo? Kajú wo? Báńkì Àpapọ̀ (CBN) àti àjọ SEC kìlọ̀ ní ọdún 2016, kí ó tó fọ́, àwọn ènìyàn wa sì ní ìlara ni. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejìlá ọdún 2016, tí ọdún ń parí lọ, MMM ti ilẹ̀kùn pa. Wọ́n ní yóò di oṣù kìíní. Wọ́n ṣí i lóòótọ́ ní oṣù kìíní ọdún 2017, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fojú kan owó wọn mọ́. Àjọ NDIC sọ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 3 ènìyàn ni ó pàdánù bílíọ̀nù 18 náírà. Mavrodi kú ní Moscow ní oṣù kẹta ọdún 2018.

A rò pé ẹ̀kọ́ ti wọlé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, CBEX fọ́. Ní àkókò tirẹ̀, "ìrànlọ́wọ́" ti di "kọ̀ǹpútà tí ó ní làákàyè tí yóò máa bá ọ ṣòwò", 30 nínú 100 sì ti di ìlọ́po méjì láàárín bí oṣù kan. Ní Ìbàdàn, àwọn tí inú ń bí ya wọ ọ́fíìsì wọn, wọ́n kó àga àti tábìlì lọ. Àga! Òfin tuntun lórí ìdókòwò tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2025 kan náà ti fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní mílíọ̀nù 20 náírà, tàbí méjèèjì, sí ọrùn ẹni tí ó bá gbé irú rẹ̀ kalẹ̀.

Òfin ìjọba nìyẹn. Kí ni ti Sharia? Ẹ rántí pé kí Ànábì wa tó di òjíṣẹ́, ó gbé ọjà Khadijah lọ sí Ṣáámù. Ọjà wà, ìrìn-àjò wà, ẹlẹ́rìí sì wà, ìyẹn Maysarah tí ó bá a lọ tí ó ń wo ìṣe rẹ̀. Orí irú èyí ni àwọn onímọ̀ Fiqh gbé ọ̀rọ̀ muḍāraba lé. Ẹnì kan mú owó, ẹnì kejì mú iṣẹ́, wọ́n sì fi ìdá pín èrè láàárín ara wọn, ìdajì sí ìdajì tàbí bí wọ́n bá ti fẹ́. Bí òfò bá dé láìsí àfọwọ́fà òṣìṣẹ́, olówó ru òfò owó, òṣìṣẹ́ ru òfò làálàá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí olówó bá ní iye kan pàtó ni òun yóò máa gbà, bó jèrè bí kò jèrè, muḍāraba ti bàjẹ́. Bí kò bá wá sí òwò rárá, tí a kàn san owó kí ó lè padà wá pẹ̀lú àlékún, yíyá owó sórí èlé ni. Ríbà ni.

Kí a má sì rò pé orí fóònù nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Nínú hadíísì tí Imām Muslim gbà wá, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọjá lára òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ìka rẹ̀ sì kan omi. Oníṣòwò náà ní òjò ni ó pa á. Ànábì bi í léèrè pé kí ló dé tí kò fi èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì yọ ara rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ẹni tí ó bá ń rẹ́ni jẹ. Ní ọdún 2006, ilé iṣẹ́ Cadbury Nàìjíríà, tí a mu Bournvita wọn dàgbà, jẹ́wọ́ pé ìwé ìṣirò owó àwọn ti jẹ́ àbùmọ́ fún ọdún mélòó kan, èrè tí kò sí sì lé ní bílíọ̀nù 13 náírà. Wọ́n ti ọjà sọ́rùn àwọn alágbàtà ní òpin ọdún, wọ́n kà á sí èyí tí wọ́n ti tà. Wọ́n sún ìnáwó ọdún yìí sí ọdún tí ń bọ̀. Wọ́n gba ìwé ẹ̀rí lórí ẹrù tí kò sí níbì kankan. Wọ́n yọ ọ̀gá àgbà àti ẹni tí ń mójú tó ètò ìnáwó. Ẹni tí ó ra ìpín ilé iṣẹ́ náà ṣáájú ìgbà yẹn, ọkà gbígbẹ ti orí òkìtì ni ó rí.

Ní ti àwọn báńkì, oṣù kẹjọ ọdún 2009 ni CBN yọ olórí báńkì 5 lẹ́ẹ̀kan náà. Olórí Oceanic Bank jẹ̀bi nílé ẹjọ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2010. Dúkìá tí ó tó bílíọ̀nù 191 náírà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n oṣù 6 péré ni wọ́n dá fún un lẹ́wọ̀n. Ẹni tí ó jí ewúrẹ́ gbé lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ti ara wa, nítorí ó rọrùn láti bú àwọn ẹni ńlá. Àwọn ètò orí fóònù yìí kò fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn dé Kábà, Ìyàrà, Mọ̀pà tàbí Ìsánlú. Ẹsẹ̀ ẹbí ni wọ́n fi rìn. MMM ń san 10 nínú 100 fún ẹni tí ó bá mú ènìyàn wá, ta ni a sì kọ́kọ́ mú bí kò ṣe ẹ̀gbọ́n, àbúrò ìyá, aládùúgbò, ẹlẹgbẹ́ wa nínú ẹgbẹ́? Nínú Sūratun-Nisā'i, āyah 85, Ọlọ́hun jẹ́ kí á mọ̀ pé ẹni tí ó ṣe alágbàwí ohun búburú ní ìpín tirẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn tilẹ̀ fi Bismillāhi bẹ̀rẹ̀ ìwé tí wọ́n fi ń pe ènìyàn. Kí Ọlọ́hun forí jì wá.

Ó wá kan tiwa. Ní ọdún 2016, nígbà tí a wà ní yunifásítì, àwa náà wọ ọ̀kan nínú àwọn ètò tí ó fara wé MMM, èyí tí a kò ní dárúkọ. A san N20,000 fún ọkùnrin kan tí a kò mọ̀. Lẹ́yìn oṣù kan, N26,000 wọlé. Àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì fi orúkọ ẹni tí ó san án hàn, orúkọ obìnrin, tí a sì mọ̀ láti ara orúkọ náà pé ọmọ ìjọ ni. A fi ra ìwé atúmọ̀-èdè Lárúbáwá àti bàtà. Ètò náà kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn tí ó fi kú.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, a ń kọ́ àwọn ọmọ ní Sūratul-Baqarah, a dé āyah 279, níbi tí Ọlọ́hun ti sọ pé ẹni tí ó bá ronú pìwà dà kúrò nínú èlé ní ojú owó rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ gbà jù bẹ́ẹ̀. A sọ lọ́kàn wa pé N6,000 ni a jẹ obìnrin yẹn nígbà náà. A lọ bá olùkọ́ wa, a ròyìn. Ó bi wá ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "N20,000 tìrẹ, ọwọ́ ta ni ó wà?" Ọwọ́ ọkùnrin yẹn ni. Obìnrin náà kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa rí. Ẹni tí ó jẹ wá lówó kọ́ ni a gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo N26,000 ni tirẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé N6,000 náà ti tó. A kò ní bá a jà, ṣùgbọ́n ọkàn wa kò balẹ̀ sí i. Pé obìnrin náà kì í ṣe Mùsùlùmí kò sì dín gbèsè kù. Nígbà tí Ànábì ń ṣe hijra kúrò ní Mẹ́kà, àwọn tí ó fẹ́ pa á ni ó ni ohun ìfipamọ́ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi Ali sílẹ̀ kí ó dá a padà fún oníkálukú.

Nọ́ńbà rẹ̀ ṣì wà nínú fóònù wa àtijọ́. A pè é, a ṣàlàyé. Ó dákẹ́, lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, gbájú-ẹ̀ wo tún ni èyí?" Ó sì pa fóònù. A kò bí i léèrè ìdí. Ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó gbọ́ tiwa, nígbà tí ó sì gbà, ó ní kí á kọ́kọ́ bá pásítọ̀ òun sọ̀rọ̀. A bá a sọ̀rọ̀. Owó ẹ̀rọ ìránṣọ ni owó náà í ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a fi san án tán.

Ohun tí a sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ wa nígbà tí a tún ríra nìyí. Ètò tirẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀: ìkòkò kan ni gbogbo wọn da owó sí, ọwọ́ ẹni tí ó ni ìkòkò ni ó ti gba tirẹ̀ padà. Nítorí náà ojú owó rẹ̀ ni tirẹ̀. Àlékún kì í ṣe tirẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ fi san owó àwọn tí òun fúnra rẹ̀ mú wọlé tí tiwọn há, nítorí ó mọ ilé wọn. Èyí tí ó bá kù, tí kò mọ olówó rẹ̀, kí ó fún àwọn aláìní ní orúkọ àwọn olówó náà, kí ó má sì retí ẹ̀san sàárà lórí rẹ̀, nítorí ohun ẹlòmíràn ni ó ń pín. Ó bi wá pé bí àwọn kan bá ti jẹ òun náà ní irú rẹ̀ níbòmíràn ńkọ́, ṣé òun kò lè fi ọ̀kan dí èkejì? A bi í ní ìbéèrè olùkọ́ wa.

Ohun kan ṣì ń rú wa lójú, a sì gbé e síwájú yín. N26,000 ni a gbà ní ọdún 2016, N26,000 náà ni a dá padà, obìnrin náà sì gbà á láìjiyàn. Ṣùgbọ́n N26,000 kò lè ra ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́. Ṣé iye owó ni a jẹ ẹ́ ni, àbí ohun tí iye owó náà ń rà nígbà náà? Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan jíròrò rẹ̀ ní ìpàdé, kí akọ̀wé sì fi èsì ránṣẹ́. Ní oṣù tí ń bọ̀, a ó mú ohun tí àwọn onímọ̀ Fiqh sọ lórí rẹ̀ wá. Wallāhu a‘lam.