Atalẹ̀ àti Inú Rírun Ìgbà Nǹkan Oṣù

Nígbà tí ọmọbìnrin bá bàlágà, a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nǹkan oṣù. Èyí kì í ṣe àìsàn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun ìtìjú. Àmì ìdàgbà ni. Ṣùgbọ́n inú rírun tí ó máa ń bá a rìn lè le tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ mìíràn kò ní lè jókòó gbọ́ ẹ̀kọ́. Nítorí ìrora yìí ni àwọn ìyá fi ń wá ewé àti egbò kiri, tí àwọn oníṣòwò sì ń ta hóró oògùn tí a fi ewéko ṣe. Wọn a ní ó ń dènà ìbàjẹ́ tí ọ́síjìn ń ṣe nínú ara, nítorí náà yóò wo inú rírun sàn. Ó yẹ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò.

Kí ni ó ń fa ìrora náà? Bí oyún kò bá dúró, awọ tí ó tẹ́ inú ilé ọmọ a já sílẹ̀. Awọ yìí a tú èròjà kan tí ń jẹ́ prostaglandin jáde, èyí tí ń mú kí iṣan ilé ọmọ fún ara rẹ̀ pọ̀. Bí èròjà náà bá pọ̀ jù, iṣan a fún pinpin, ẹ̀jẹ̀ kò ní ráyè dé inú rẹ̀ dáadáa, ìrora a sì dé. Ní ọdún 1971, John Vane, onímọ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé aspirin ń dín ṣíṣe èròjà yìí kù.

Ní ti ọ́síjìn, a kò lè wà láàyè láìsí i, ṣùgbọ́n òun kan náà ni ó ń mú irin dípẹtà, tí ó sì ń mú epo tí ó pẹ́ nílẹ̀ kan. Èròjà tí ń dènà irú ìbàjẹ́ bẹ́ẹ̀ wà nínú ọsàn, ẹ̀fọ́, tòmátò àti atalẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ìgò yàrá ìwádìí lè má ṣẹlẹ̀ nínú ikùn ènìyàn. Èròjà tí ó fún atalẹ̀ pupa ní àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ: díẹ̀ kíún ni ara ń rí gbà nínú rẹ̀.

Atalẹ̀ ní ẹ̀rí díẹ̀. Nínú ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2009, a pín akẹ́kọ̀ọ́bìnrin 150 ní ilẹ̀ Ìránì sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìpín kan lo atalẹ̀ gbígbẹ, mílígíráàmù 250 ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ fún ọjọ́ 3. Àwọn yòókù lo oògùn apàrora. Ìrora gbogbo wọn dín kù bákan náà. Ṣùgbọ́n kò sí ìpín tí kò lo nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ inú rírun yìí a máa lọ fúnra rẹ̀. Ẹnìkan kì í sì í jẹ́ àwá dé. Ní ọdún 2016, àwọn olùwádìí Cochrane gbé ìwádìí 27 lórí irú nǹkan wọ̀nyí yẹ̀ wò. Atalẹ̀ wà lára ìwọ̀nba tí ó jọ pé ó lè ṣe ìrànwọ́, ṣùgbọ́n wọn kò rí ẹ̀rí tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ fún ọ̀kankan.

Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ní ọdún 2018, àjọ tí ń bójú tó ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù kìlọ̀ pé oògùn tí a fún jáde láti ara ewé tíì lè pa ẹ̀dọ̀ lára bí a bá lò ó lọ́pọ̀. Ewu mìíràn sì wà. Àìsàn kan ń bẹ tí ń jẹ́ endometriosis, nínú èyí tí ohun tí ó jọ awọ inú ilé ọmọ ń hù níta rẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá. Ọmọbìnrin tí ìrora rẹ̀ ń le sí i lóṣooṣù, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ju ọjọ́ 7 lọ, dókítà ni kí ó lọ rí.

Kò sí ibi nínú kí a fi atalẹ̀ sí ọbẹ̀, kí a jẹ èso àti ẹ̀fọ́, tàbí kí a fi omi gbígbóná inú ìgò tí a wé láṣọ lé ikùn. Ṣùgbọ́n kí ọmọ má ṣe fi ìrora pamọ́ fún ìyá tàbí olùkọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀ ni a ń bá wá ìwòsàn.